Àṣẹ Ọlọ́dò Lórí Àpótí Tí Kò Mọ Bàbá

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń fọṣọ, kó fún un kó gbé e sílẹ̀. Ẹni tó ń jà, kó sàmì síbi tó bá a dé, yóò padà wá bá a. Ọlọ́dò, ọba Odò-Ẹ̀rín, ló rán akéde.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2025, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, Olóyè Ọ̀tún fi ọ̀bẹ tú àpótí ìpamọ́ ààfin.

Ẹni tí kò bá mọ àpótí náà, òun ni àpótí dúdú kékeré tó wà lórí pẹpẹ ní ọ́fíìsì ààfin. Wáyà ló so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá kejì. Ohun tí ìlú bá fẹ́ fi pamọ́, kọ̀ǹpútà á gbé e fún un. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á padà á kọ orúkọ tó ni ọ̀nà, á kọ ọ̀rọ̀ àṣírí, àpótí á ṣílẹ̀kùn. Akọ̀wé àná, olóògbé Láṣebìkan, ló gbé e kalẹ̀, orúkọ ara rẹ̀ ló sì fún ọ̀nà náà. Akéde lè pè é bẹ́ẹ̀. Akéde kì í ṣe ìyàwó ilé wọn.

Ìyàwó ilé wọn ni Morádékẹ́, akọ̀wé tuntun. Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ mọ́kànlá ló fi jókòó ti Ìyá Òjúọlápé, tó ń gba ohùn màmá náà sílẹ̀ bó ṣe ń ki agbo ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ìlú yìí. Màmá kú ní oṣù kìíní. Inú àpótí nìkan ni ohùn náà kù sí, Morádékẹ́ sì fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ wa kí ọdún Odò tó dé.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti bàjẹ́. Tuntun tí a rà kò mọ àpótí, àpótí kò mọ̀ ọ́n. Ó bèèrè orúkọ. Ọwọ́ Morádékẹ́ dúró lókè. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò nílé ọkọ, kò pe orúkọ baba ọkọ rẹ̀ rí, kì í ṣe lójú wọn, kì í ṣe lẹ́yìn wọn. Ó kọ "Bàbá". Àpótí kọ̀. Ó kọ "Bàbá wa". Àpótí kọ̀. Ó tẹ orí ba díẹ̀, ó kọ "Bàbá Àgbà". Àpótí ní òun kò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ọ̀tún bi í pé, "Ìyàwó wa, ṣé o kọ orúkọ wọn dáadáa?" Ó ní, "Mo kọ ọ́, sà. Orúkọ tí mo ń pè wọ́n náà ni mo kọ." Kò parọ́. Kò sẹ́ni tó bi í pé orúkọ wo.

Nítorí náà, Ọlọ́dò pàṣẹ!

Èkíní. Ìyàwó ilé lè kọ orúkọ baba ọkọ rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà, kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀, kó tọrọ àforíjì, kó wá kọ ọ́. Ọmọ ilé tó bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ yóò gbá iwájú ààfin fún ọjọ́ méje. Ọjọ́ méje, kò ní dín!

Èkejì. Oyè kò gbọdọ̀ wọ ẹnu ọ̀nà àpótí. Balógun rò pé orúkọ tòun lè ṣí i, ó kọ Olóyè, ó kọ Alàgbà, ó kọ Jagunmólú, àyè tán kí orúkọ rẹ̀ tó dé. Ẹni tó bá tún dán an wò, oṣù mẹ́ta la ó fi máa pe orúkọ rẹ̀ lásán, tọmọdé tàgbà.

Ẹ̀kẹta. Wáyà àpótí kì í ṣe okùn ìsáṣọ. Olorì mọ ẹni tí à ń bá wí. Aṣọ tí a bá tún bá lórí rẹ̀ ti di ti ìlú.

Ọ̀rọ̀ kan Ọ̀tún wàyí. Ó ní ọ̀nà ló dí, òun yóò gba ẹ̀yìnkùlé. Morádékẹ́ ti lọ pe ẹlẹ́rọ nígbà náà. Ọ̀tún yọ irin pẹlẹbẹ tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ kúrò nínú àpótí, ó tì í bọ inú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà fi èdè Òyìnbó bèèrè bóyá kí òun nu gbogbo ohun inú rẹ̀ nù, kí òun sọ ọ́ di ọ̀tun. Ọ̀tún kò gbọ́ ọ. Ó tún bèèrè. Ọ̀tún ní àlejò tó bá bèèrè nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, ojú ń tini láti kọ̀ fún un. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹrin. Ẹ̀rọ tó bá bi yín ní ohun tí kò yé yín, rárá ni kí ẹ dáhùn. Rárá kì í ṣe àrífín. Ẹni tó bá rú òfin yìí yóò wọ kíláàsì àwọn àgbà tó ń kọ́ ìwé. Ọ̀tún ti wọlé láti àná. Iwájú ni wọ́n fi í sí.

Ẹlẹ́rọ dé, ó tún àpótí tò, ó dá orúkọ àná padà fún ọ̀nà. Ó bi Morádékẹ́ léèrè ohun tó kọ́kọ́ kọ. Morádékẹ́ sọ ọ́ sí i létí. Ẹlẹ́rọ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ báyìí, mà." Morádékẹ́ kúnlẹ̀. Ó kọ ọ́, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì. Àpótí ṣí.

Bí Ọlọ́dò ṣe sọ ọ́ ni akéde ṣe gbé e dé, kò bù ú kù, kò bù ú kún. Ẹni tó gbọ́, kó wí fún ẹni tó lọ sóko.

Kọ̀ǹpútà àti àpótí ti ń gbọ́ ara wọn. A pàdánù ohùn Ìyá Òjúọlápé, ọjọ́ mọ́kànlá gbáko, àti oríkì agbo ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.