Aránṣọ Tí Kò Hàn Lójú Fóònù Ọkọ Rẹ̀

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, ẹjọ́ kan wọ ààfin kí wọ́n tó gbálẹ̀ tán. Aránṣọ ló pe ọkọ rẹ̀, onígbàjámọ̀, lẹ́jọ́. Ẹrù obìnrin náà ti wà nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Kábíyèsí, mo polówó ìsọ̀ mi nínú ìwé ìròyìn orí fóònù. Àwòrán èmi fúnra mi ni, mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo àdúgbò rí i. Ọkọ mi tó ń ka ìwé ìròyìn yẹn láràárọ̀ ni kò rí i. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.”

“Ọkọ, kí lo rí sọ?”

“Kábíyèsí, n kò dí ìyàwó mi. Ìpolówó ni mo dí. Mo wo bàtà lẹ́ẹ̀kan péré, bàtà náà tẹ̀ lé mi dé ibi ìròyìn, ó tẹ̀ lé mi dé ibi bọ́ọ̀lù. Àwọn kan ló ń tọpasẹ̀ mi kiri. Ni mo bá fi adènà, ohun tó ń dí ìpolówó, sínú búráúsà tí mo fi ń ka ìròyìn.”

“Bàtà ta ni?” Ìyàwó ló bi í.

“Tèmi.”

“A ó gbọ́,” ni ìyàwó wí.

Ìyá ọkọ dìde láti jẹ́rìí. “Ọmọ mi kì í wo fóònù rárá.”

“Ìyá, ṣé ó ti rí ìpolówó ìyàwó rẹ̀?” ni Kábíyèsí bi í.

“Ó rí i dáadáa. Ibi tó ti ń wo fóònù ló ti fi hàn mí.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó,” ni ọmọ rẹ̀ wí.

Kábíyèsí bi í pé, “Adènà yìí, báwo ló ṣe mọ ojú ìyàwó rẹ?”

“Kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ṣí ìwé ìròyìn, búráúsà á ránṣẹ́ sí oríṣiríṣi ilé láti kó ohun tó wà níbẹ̀ wá. Adènà mọ àwọn ilé tí ìpolówó àti àwọn atọpasẹ̀ ti ń wá. Kò ní í jẹ́ kó ránṣẹ́ síbẹ̀. Ilé yẹn náà ni àwòrán ìyàwó mi ti ń wá.”

“Èmi ni mo wá ń bá àwọn aṣọ́ni gbélé?” ni ìyàwó bi í.

Wọ́n ṣí ìwé ìròyìn náà lórí fóònù ìjòyè kan. Aránṣọ yọ, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Lórí ti ọkọ, àyè funfun ni.

“Ṣé kò sí bí o ṣe lè ṣílẹ̀kùn fún un ni?”

“Ó wà, Kábíyèsí. Bọ́tìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni yóò wọlé. Gbogbo wọn ni.”

“Tẹ̀ ẹ́. Láràárọ̀, kí o jókòó ti ìwé ìròyìn náà títí aya rẹ yóò fi yọ. Bó bá yọ, kí i káàárọ̀ kí gbogbo ilé gbọ́.”

“Bí kò bá yọ ńkọ́, Kábíyèsí?” ni ìjòyè náà bi í.

“Kò ní í jẹun.”

Ọkọ tẹ̀ ẹ́. Oògùn ẹ̀yìn ríro wọlé. Ibùsùn wọlé. Ọkùnrin kan tó ń pariwo ẹ̀rọ ìfọṣọ wọlé. Nígbà tó yá, aránṣọ dé.

“Káàárọ̀ o, ìyàwó mi,” ni ọkọ sọ fún fóònù.

“Ṣé dáadáa lo jí?” ni ìyàwó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dáhùn. Ó dìde, ó lọ kó ẹrù rẹ̀ bọ̀ wálé.

Láti ọjọ́ náà, onígbàjámọ̀ kò ka ìròyìn kan dópin mọ́.