Zdravko Mutafov Kọ́ Ọmọ Ní Ìwádìí

Ní ìlú Brezhanovo, bí o bá jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní ilé kọfí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, wàá ti gbọ́ ìtàn ìgbésí ayé Zdravko Mutafov, o bèèrè o, o ò bèèrè o. Ẹnu ni àrùn ọkùnrin náà. Àwọn mìíràn a máa purọ́ nígbà tí ọ̀ràn bá dé. Zdravko ń pa tirẹ̀ bí ẹni ń mí ni. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, kò sì sí ohun tí wọ́n máa dárúkọ tí kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ṣe é.

Mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù nínú irọ́ rẹ̀. Ó ní òun fi ọwọ́ lásán bá béárì jà lórí òkè, àpá rẹ̀ sì ń bẹ ní èjìká òun. Ó ní òun ló jẹ góòlù tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbègbè wálé nígbà èwe òun. Ẹ̀kẹta ló sì fi ń mu ọtí rakiya ọ̀fẹ́: ó ní òun wà lára àwọn ẹnjiníà tó kọ́ afárá ìlú. Àwọn tó kọ́ afárá ọ̀hún ti kú tán, ta ni yóò wá já a ní koro? Afárá náà yóò pé àádọ́ta ọdún ní oṣù karùn-ún, alága ìlú sì ti ní kí Zdravko wá gé rìbọ́nì, kó sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù nínú àwọn ẹnjiníà náà. Ó ti ra kóòtù tuntun sílẹ̀.

Nínú oṣù kẹta, Tíṣà Rumyana, tó ń kọ́ kíláàsì kẹrin, ń wá àwọn àgbà tí yóò ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ láti múra ìwádìí wọn sílẹ̀ fún ìpàtẹ ilé ẹ̀kọ́. Zdravko ló kọ́kọ́ nawọ́. Wọ́n fún un ní ọmọbìnrin méjì: Ralitsa, tó máa ń wọ awò ojú tí kì í sì í rẹ́rìn-ín, àti Bilyana, tó máa ń kọ gbogbo ohun tó bá gbọ́ sílẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ ṣèwádìí lé lórí?"

"Bí wàrà ṣe ń kan ni, Bàbá," Bilyana dáhùn.

Zdravko yínmú. "Wàrà. Ìyẹn kì í ṣe ìwádìí, oúnjẹ àárọ̀ ni. Ẹ ṣèwádìí lórí akọni ìlú yín."

"Ta ni akọni ìlú wa, Bàbá?"

Zdravko wolẹ̀ bí ìyàwó tuntun. "Ó máa ń nira fún mi láti dárúkọ ara mi," ó ní. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ ara rẹ̀.

Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi rojọ́ fún wọn ní yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́. Ní tábìlì kejì ni Lyuben wà, tó ń ta oògùn kó tó fẹ̀yìn tì, òun náà ń ran àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Zdravko kò lè rí etí mìíràn nítòsí kó má fẹ́ kún un. Ló bá gbóhùn sókè.

"Ẹ gbọ́ o, olùwádìí gidi kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ láìrí ẹ̀rí. Ẹ kọ ohun tí ẹni náà sọ. Ẹ lọ bi ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ lọ wo ìwé àtijọ́. Ì báà ṣe bàbá tó bí yín."

Ralitsa tún awò ojú rẹ̀ ṣe. "Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá?"

Lyuben ti gbójú sókè, ó ń wò wọ́n. Kí ni Zdravko fẹ́ sọ? "Pàápàá bó bá jẹ́ èmi," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín àgbà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ ti Zdravko ti lọ fún àádọ́ta, òtítọ́ ò tiẹ̀ lé e. Òun fúnra rẹ̀ ló rán ọmọ méjì pé kí wọ́n lọ pè é wá.

Nígbà tó rí àwọn ọmọ náà tí wọ́n ń wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, tí wọ́n ń jáde ní ọ́fíìsì ìlú pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́, inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn. Ó rò pé òkìkí òun ló ń kàn.

"Stoyna," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, "wọ́n ń kọ ìtàn mi."

Stoyna ń na ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ lọ́wọ́. "Mo mọ̀. Wọ́n ti wá bi mí."

"Kí lo sọ?"

"Ohun tí wọ́n bi mí ni."

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Alága ìlú wá. Zdravko kó ìdajì ilé kọfí wá, ó jókòó níwájú pátápátá nínú kóòtù tuntun. Ìyáàfin Kamburova, olùyẹ̀wò tí wọ́n rán wá láti olú ìlú àgbègbè, ń lọ láti pátákó dé pátákó. Nígbà tó kan àwọn ọmọ Zdravko, Ralitsa fa aṣọ tábìlì tí wọ́n fi bo pátákó wọn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín in sí. Lápá òsì: OHUN TÍ BÀBÁ ZDRAVKO SỌ. Lápá ọ̀tún: OHUN TÍ A RÍ.

Zdravko kò mú awò ojú rẹ̀ wá. Òun ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

"Bàbá Zdravko sọ pé béárì ló ya òun léjìká," Ralitsa kà á. "A bi Màmá Stoyna. Màmá ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bàbá àwọn ló gé e jẹ, lọ́jọ́ tí Bàbá wá tọrọ àwọn láti fi ṣaya. Màmá ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà rí ohun tí àwọn ò rí."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Zdravko náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín lásán ni. "Àwọn ọmọdé," ó wí fún alága ìlú.

"Bàbá Zdravko sọ pé òun jẹ góòlù tó gba ife-ẹ̀yẹ. A bi Bàbá Metodi onígbàjámọ̀, tó jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù nígbà náà. Wọ́n ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni Bàbá Zdravko lò lórí pápá. Góòlù kan ni Bàbá Zdravko jẹ. Àwọ̀n tiwa ni wọ́n gbá a sí."

Metodi nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé òótọ́ ni.

Zdravko dìde. Òógùn ti ń ṣàn lábẹ́ kóòtù. "Ó tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwọn ènìyàn fẹ́ jẹun."

"Ó ku ẹyọ kan, Bàbá," Bilyana fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn. "Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀, Bàbá," alága ìlú wí.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́; bí àgbà ọ̀hún bá jẹ́ Zdravko, orí tirẹ̀ gan-an ni yóò wọ́. Ó jókòó.

Bilyana gbé ìwé kan sókè tí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú. "Ẹnjiníà mẹ́fà ló kọ́ afárá. Orúkọ Bàbá ò sí nínú wọn. Inú ìwé àwọn tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ la ti rí i: 'Zdravko Mutafov, olùṣọ́ sìmẹ́ǹtì. A lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹsàn-án tó wọlé. Òjò rọ̀, ó ká tapólì kúrò lórí sìmẹ́ǹtì, ó fi bo ara rẹ̀, ó sùn. Ọgọ́rin àpò sìmẹ́ǹtì ló di òkúta.'"

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín náà pẹ́ kó tó jáde, ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, fèrèsé mì. Alága ìlú yọ ìwé ètò ayẹyẹ afárá lápò, ó fi bírò fa ìlà gbọọrọ sí i. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún Zdravko ohun tí wọ́n fagi lé. Ó tú bọ́tìnì kóòtù tuntun náà.

Ralitsa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ìparí ìwádìí wa ni pé Bàbá Zdravko mọ ìtàn sọ dáadáa. Ẹ ṣeun."

Àwọn ló gba ipò kìíní. Tíṣà Rumyana kó wọn jáde lọ sí àgbàlá láti ya fọ́tò. Ìyáàfin Kamburova wá dúró láàárín gbọ̀ngàn pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí mìíràn lọ́wọ́.

"Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí," ó ní. "Mi ò rí ọmọ kíláàsì kẹrin tó wádìí ọ̀rọ̀ báyìí rí. Ta ló kọ́ wọn? Òun ló ni ìwé ẹ̀rí yìí."

Ẹni tó lórí pípé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni ì bá máa wá. Zdravko dìde, ó na kóòtù rẹ̀.

"Èmi ni."

Ẹ̀rín tó tẹ̀ lé e ju ti ìṣáájú lọ. Metodi fi orí lé èjìká ẹni ẹlẹ́ni, ó ń nu omijé. Lyuben, tó mọ òótọ́ ibẹ̀, ti fi àkàrà banitsa kún ẹnu, kò sì kánjú láti gbé e mì.

"Mo fi Ọlọ́run búra," Zdravko wí. "Èmi ni mo kọ́ wọn."

Ìyáàfin Kamburova wò ó tàánú-tàánú, ó yíjú sí Stoyna tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. "Màmá, ṣé òótọ́ ni?"

Stoyna tú ìborùn rẹ̀, ó rọra tún un so.

"Mi ò mọ̀ o, ma. Mi ò sí níbẹ̀."