Ẹ̀wà Tí Oyèníran Rẹ De Àwọn Àna Rẹ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó bá rẹ ẹ̀wà kún ìkòkò ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀wà?

Ọkùnrin kan wà ní abúlé Òkè-Ìgbá, Oyèníran lorúkọ rẹ̀. Ó sọ fún Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ pé kò síṣẹ́ kankan nínú oúnjẹ sísè. Àyọ̀ká kò bá a jà. Ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Nígbà tó pé oṣù kan, bàbá náà ránṣẹ́ sí Oyèníran: "À ń bọ̀ lọ́sàn-án ọ̀la. Ìwọ ni kó o se ẹ̀wà tá a máa jẹ. Bó bá ṣeé jẹ, ìyàwó rẹ á dúró. Bí kò bá ṣeé jẹ, a jọ ń padà lọ ni."

Bílẹ̀ ti mọ́, Oyèníran da ẹ̀wà gbígbẹ sínú ìkòkò ńlá Àyọ̀ká títí dé ẹnu, ó bu omi lé e, ó lọ ṣẹ́gi. Ìgbà tó dé, omi ti tán. Ó yẹ ìdí ìkòkò wò, ibẹ̀ gbẹ. Ó ní ewúrẹ́ aládùúgbò ló mu ún. Ó bu òmíràn sí i, ó dé e, ó gbé ọlọ lé ìdérí. Kò pẹ́, omi tún tán, ọlọ sì ti ń gbéra sókè díẹ̀díẹ̀. Ó bu omi lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé ọlọ kúrò, òun fúnra rẹ̀ wá jókòó lé ìdérí.

Orí ìkòkò ló wà tí àwọn àna àti Àyọ̀ká fi wọlé.

"Ẹ kú àbọ̀, bàbá."

Bàbá Àyọ̀ká wò ó tìyanu-tìyanu. "Ìjókòó lo fi ń kí mi?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Bí mo bá dìde, ẹ̀wà á jáde."

"Ta ló tì í mọ́lé?"

Kó tó dáhùn, ìkòkò fọ́ gbàù! Oyèníran ṣubú, ó fi àyà lu ilẹ̀, ẹ̀wà bò ó dé ọrùn.

Ìyá Àyọ̀ká ṣa ẹyọ kan, ó tẹ̀ ẹ́ wò. "Àna mi, kò séwúrẹ́ tó mu omi rẹ. Ẹ̀wà tó gbẹ ló mu ún. Awọ rẹ̀ láyè tín-ín-tín tójú ò lè rí, ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé, tí ẹ̀wà á máa wú. Ìdí nìyẹn tá a fi ń fàyè sílẹ̀ nínú ìkòkò."

Oyèníran ò gbórí sókè. "Àyọ̀ká, iṣẹ́ wà nínú oúnjẹ sísè."

Àyọ̀ká wo ìkòkò rẹ̀ tó fọ́, ó wo ọkọ rẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà. "Dìde, lọ yá ìkòkò wá. Mẹ́ta."

Bàbá rẹ̀ ní kó ṣì wà ńlẹ̀ ná, nítorí òun ò tíì rí àna tó dọ̀bálẹ̀ dáadáa tó báyìí rí.

Bí wọ́n bá wá bi yín, ẹ sọ fún wọn pé ojú Oyèníran ló kọ́kọ́ rí i: ẹni tó bá rẹ ẹ̀wà kún ìkòkò ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀wà.