Páálí Màmá Baṣọ̀run

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi láéláé. Bí mo bá ti gbóòórùn àkàrà báyìí, ó dé nìyẹn.

Ilé ìkàwé kékeré kan ní Bódìjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Màmá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbé páálí kan wá bá mi láti Baṣọ̀run. Lẹ́tà àti fọ́tò ló kún inú rẹ̀, ti àwọn obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin àti ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin, tí wọ́n máa ń pàdé ní pálọ̀ rẹ̀ láyé ọjọ́un. Obìnrin tí òun àti Màmá jọ gbé fún ọgbọ̀n ọdún ti kú, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti dáná sun gbogbo ohun tí wọ́n bá nílé.

"Ọmọ mi, èyí nìkan ló kù. Bí mo bá kú, wọ́n á sun òun náà. Bá mi tọ́jú ẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé a gbé ayé rí."

Mo gbà á. Ṣùgbọ́n ojo ni mí. Òfin ìlú le, ẹnu ọ̀gá mi sì le ju òfin lọ. Mo bá kọ ọ́ sára páálí náà pé ÀKỌSÍLẸ̀ ÌPÀDÉ ÀTIJỌ́, mo tì í sí kọ̀rọ̀, mo ń yin ara mi. Ta ló ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé? Mo gba ìsinmi, mo lọ kí àwọn òbí mi ní Àkúrẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá kan tí mo máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Àgbowó. Mo ti jẹ mẹ́ta kí n tó rí ohun tó wà lára bébà tí wọ́n fi wé e: "Olólùfẹ́ mi, ilé ò rí bí ilé mọ́ láti ìgbà tí o ti rìnrìn àjò." Mo dá a mọ̀: lẹ́tà inú páálí Màmá ni.

"Ìyá, níbo lẹ ti rí bébà yìí?"

"Ilé ìkàwé yín náà ni! Ọ̀gá yín ní kí n máa kó o lọ, pé àkọsílẹ̀ ìpàdé ni. Ṣé owó wà nínú ẹ̀ ni?"

Mo sáré lọ wá ìwé ìròyìn àtijọ́, mo fi pààrọ̀ ìyókù bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún lé ọlọ́kadà kan tó ti ra àkàrà tirẹ̀ lọ bá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bébà ọwọ́ yín yẹn." Ó rò pé ebi ló ń pa mí, ó bu àkàrà méjì fún mi, ó sì gbàdúrà fún mi.

Lẹ́tà mẹ́sàn-án péré ni mo rí kó jọ. Fọ́tò kan ni alákàrà yọ sọ́tọ̀: Màmá àti ẹnì kejì rẹ̀ ní Dùgbẹ̀, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. "Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí mà fẹ́ràn ara wọn o," ni ó wí. Mo gba fọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo kó gbogbo wọn lọ bá Màmá ní Baṣọ̀run. Ó gba àwọn lẹ́tà náà, ó gbóòórùn wọn. "Iná ni mo ń sá fún, ìwọ wá lọ kó o sínú epo." Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló sunkún. Ojú tì mí gidigidi.

Mo ti kọ́gbọ́n: ohun tí a bá fi pa mọ́ jù, àwa fúnra wa là ń sọ ọ́ nù. Páálí tuntun tí a tún kó àwọn lẹ́tà náà sí ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi. Orúkọ àwọn tó ni ín gan-an ni mo kọ sí i, Màmá ló pè é fún mi. Bí mo bá ṣí i, mo máa ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí òórùn àkàrà ò tíì kúrò níbẹ̀.