Ẹkún Tí Akínlàjà Sun fún Ọ̀gágun Dírákù

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, ẹni tí kò bá wa mọ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, kó má bá wa sunkún ìparí rẹ̀? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bi àwọn èèyàn léèrè, irọ́ ni kálukú ń pa fún mi. Àwọn kan ní ogun ló bí i, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ oyè ni. Tẹlifíṣọ̀n ló bí i, àgbà tó kọ́kọ́ pa á ò sì tíì kú. Ẹ jókòó dáadáa.

Bàbá kan wà ní ìlú Ìdí-Ọsàn, Bàbá Oyèdòkun, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ omi ẹ̀rọ. Bàbá yìí kì í lọ sóde, kì í ta ayò, kò sì bìkítà fún bọ́ọ̀lù. Eré kan tí wọ́n ń fi Yorùbá sọ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú ni gbogbo ìgbádùn rẹ̀. Àwọn kan ni ayé wọn jóná, ni wọ́n bá kó sínú ọkọ̀ òfúrufú ńlá kan, wọ́n ń wá ayé mìíràn kiri láàárín àwọn ìràwọ̀. Ìtàn àtẹ̀léra ni. Àṣìṣe tí wọ́n bá ṣe lónìí, ó lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni wọn yóò tó jìyà rẹ̀. Ẹni tó bá kú níbẹ̀, ó kú nìyẹn. Ọdún méjì ni bàbá fi tẹ̀ lé wọn, kò sì fo ọjọ́ kan.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà ní ìlú náà tó ń tún fíríìjì ṣe, Akínlàjà lorúkọ rẹ̀. Òun àti Ìbídùn, ọmọ bàbá yìí, fẹ́ràn ara wọn gan-an. Ohun tó kù ni kí bàbá rí ọmọkùnrin náà, kó sì sọ pé òun gbà. Akínlàjà náà ń wo eré òfúrufú, ṣùgbọ́n àṣetán ni tirẹ̀. Wàhálà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ń parí lọ́jọ́ náà. Bí ẹranko abàmì bá gé ọ̀gá wọn lọ́wọ́ jẹ lónìí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ó rí i tó ń fi ọwọ́ méjèèjì mu tíì, ẹnikẹ́ni ò sì ní bi í pé báwo ló ṣe jẹ́. Èmi fúnra mi ti rò ó títí, n ò mọ èyí tó dáa jù nínú méjèèjì. Ẹni tí wàhálà tirẹ̀ kì í tán, ṣé kò yẹ kó rí ìtàn kan tó máa parí kó tó lọ sùn?

Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ rí bàbá, Ìbídùn ti kìlọ̀ fún un. Ó ní, “Jọ̀ọ́, ìrọ̀lẹ́ ni kó o wá o. Ìparí eré bàbá mi ni lónìí.”

Akínlàjà ní, “Ṣebí gbogbo ọ̀sẹ̀ ni eré ń parí.”

“Tìrẹ ló ń parí ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ṣá gbọ́ tèmi.”

Kò gbọ́. Wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé ẹni tó bá pẹ́ dé ilé àna, àbùkù ló gbé dé. Ó wọ búbá àti ṣòkòtò tuntun, ó sì ti dé kí oòrùn tó yẹ̀ lórí.

Ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Bàbá Oyèdòkun jókòó sórí àga, omijé ń dà lójú rẹ̀ wọ̀ọ̀. Ohun tó ń pa bàbá lẹ́kún ni Tínímà, obìnrin tí wọ́n fi irin rọ, tó ń wa ọkọ̀ òfúrufú inú eré náà. Ó ti fi iná àyà ara rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kí ọkọ̀ má bàa kú, òun sì kú. Akínlàjà ò rí ìyẹn. Ohun tó rí ni àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń ti bàbá arúgbó kan síta lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, sínú òkùnkùn. Irùngbọ̀n bàbá náà funfun báláú, ó sì nawọ́ sí wọn. Ẹ bá mi wò ó. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ nílé, tó rí i tí ọmọdé ń ti àgbàlagbà síta, tí bàbá àna rẹ̀ sì ń sunkún, kí lẹ fẹ́ kó rò?

Akínlàjà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì bú sẹ́kún. “Ẹ kú ìrọ́jú, sà. Ayé ti bàjẹ́. Irú bàbá dáadáa báyìí!”

Ẹkún ò jẹ́ kí bàbá lè fọhùn. Ó kàn gbọ́wọ́ sókè pé kó dákẹ́, nítorí ọ̀gá ọkọ̀ náà fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, èyí tí bàbá ti ń dúró dè láti ọjọ́ yìí. Akínlàjà rò pé ọ̀fọ̀ náà ló wọ bàbá lára tó bẹ́ẹ̀, pé ó yẹ kí òun bá a gbé e. Ó túbọ̀ fi ohùn sí i.

Ìyá Ràbí, aládùúgbò wọn, gbọ́ ẹkún ọkùnrin. Ní Ìdí-Ọsàn, bí ẹkún bá sọ nílé ẹnìkejì ẹni, ẹkún la fi ń wọlé, ìbéèrè a sì tẹ̀ lé e. Ìyá Ràbí káwọ́ lérí, ó sun tirẹ̀ tó, ó wá bi Akínlàjà pé ta ló kú.

Akínlàjà ní, “Bàbá ni, ìyá mi. Àwọn ọmọdé ló tì wọ́n síta.”

Ìyá Ràbí gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Télọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sunkún dé. Àwọn tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ yà, wọ́n sunkún. Kálukú bá ẹkún níbẹ̀ ni, kálukú sì ń sun tirẹ̀ ju ti ẹni tó bá níbẹ̀ lọ. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì wá. Sànúsí bíríkìlà, ẹni tí kì í fẹ́ kí iṣẹ́ pẹ́, ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó ń fi okùn wọn ibi tí sàréè yóò wà.

Àsìkò náà ni Ìyá Ìbídùn ti ìpàdé dé. Ó rí èrò, ó rí Sànúsí àti okùn rẹ̀. Ó ju báàgì nù, ó ké pé, “Àjàní mi! Àárọ̀ yìí náà lo ṣì bú mi!”

Ni Bàbá Oyèdòkun, Àjàní fúnra rẹ̀, bá yọ sí wọn lẹ́nu ọ̀nà, rìmóòtù lọ́wọ́, ojú pọ́n kókó. Ó ní, “N ò gbọ́ ohun tó sọ! Ẹ ò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó sọ!”

Ẹ ò rí eré sísá. Télọ̀ gba àárín ọgbà kọjá, Sànúsí fo ògiri tó mọ fúnra rẹ̀. Ìyá Ìbídùn tó ń sunkún ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ló ṣáájú gbogbo wọn.

Nígbà tí ara wálẹ̀, bàbá pe Akínlàjà síwájú. Ó ní, “Ta lò ń sunkún fún?”

“Bàbá onírùngbọ̀n funfun yẹn ni, sà.”

“Ọ̀gágun Dírákù?” Bàbá dìde dúró. “Òun ló dáná sun ayé wọn. Òun ló ta àwọn ọmọ wọn fún ọ̀tá. Ọdún méjì ni mo fi dúró kí wọ́n tì í síta.”

Ẹ̀rù ba Akínlàjà, ló bá tún un bàjẹ́. Ó ní, “Ẹ má dá ara yín lóró, sà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo wọn á ti padà sáyè, wọ́n á ti gbàgbé.”

Bàbá fi rìmóòtù júwe ẹnu ọ̀nà fún un. Ó ní, “Ọ̀dọ́mọkùnrin, ẹni tí kò bá wa mọ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, kó má bá wa sunkún ìparí rẹ̀. Máa lọ sílé yín.”

Ìbídùn wọ yàrá lọ, ó sì sun ẹkún tí kò ní tẹlifíṣọ̀n nínú. Ó dùn mí fún un.

Àmọ́ orí bá wọn ṣe é. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tún bẹ̀rẹ̀ eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń ṣe é báyìí. Akínlàjà ń wá wò ó láti ojú fèrèsé. Bàbá rí i, kò lé e, kò sì pè é. Lọ́jọ́ tí Dírákù dáná sun ayé wọn, Akínlàjà ṣépè fún un láti ìta. Bàbá ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Láti ọjọ́ náà lọ, àga kan di tirẹ̀. Bí ó bá ti bèèrè pé, “Ṣé ó ti parí nìyẹn?” bàbá a ní, “Fara balẹ̀.”

Nígbà tó di ọjọ́ ìparí, Akínlàjà ti bẹ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ pé kó wá bá òun tọrọ àforíjì. Ẹ̀gbọ́n bàbá yìí náà ò fẹ́ pẹ́ dé ilé àna, wọ́n kúkú bí i ire. Ó wọlé, ó bá Bàbá Oyèdòkun àti Akínlàjà tí àwọn méjèèjì ń sunkún níwájú tẹlifíṣọ̀n, níbi tí àga Tínímà ti ṣófo. Ó ṣí fìlà, ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ohùn sókè.

Akínlàjà ò tilẹ̀ yíjú. Ó ní, “Bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Ẹni tí kò bá wa mọ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, kó má bá wa sunkún ìparí rẹ̀.”

Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀gá ọkọ̀ la ẹnu, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, bàbá sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, “Ìbídùn, gbé omi tútù wá fún àwọn àna wa.”

Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí lọ bá bàbá, mo ní ẹ jọ̀ọ́, kí gan-an ni ọ̀gá ọkọ̀ yẹn sọ? Omijé tilẹ̀ ti fẹ́ máa yọ lójú mi. Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ẹni tí kò bá wa mọ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, kó má bá wa sunkún ìparí rẹ̀.