Dísìkì Tó Ń Wo Ẹnìkejì Rẹ̀ Kọ

Díẹ̀ ló kù kí Tísà Isaiah na dísìkì lẹ́gba!

Ní Kábà níbí ni o, ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àwọn tísà tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá yìí ni alága wa, Tísà Rhoda ni akọ̀wé, èmi ni mò ń tẹ kọ̀m̀pútà. Ìpínlẹ̀ Kogí ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Ìjọba ní Lọ́kọ́ja ní kí orúkọ gbogbo tísà tó ti fẹ̀yìn tì dé ọ̀dọ̀ àwọn lọ́jọ́ Ajé tó bá tẹ̀lé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, lójú tiwọn, ó ti kú nìyẹn, ì báà jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló wá jiyàn.

Olúṣínà tó ń tún kọ̀m̀pútà ṣe gbé dísìkì méjì tí a ó kó orúkọ náà pamọ́ sí dé, ó kí Bàbá bí a ṣe ń kíni ní Kábà.

"Okun o, sà. Ọ̀nà méjì la lè gbà tò wọ́n. Àkọ́kọ́, ohun tí dísìkì kìíní bá kọ, èkejì á wò ó kọ. Bí ọ̀kan bá kú..."

"Á ṣe kí ni?"

"Á wò ó kọ, sà."

Háà! Bàbá dìde fùú! Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣọ́ gbọ̀ngàn ìdánwò láti Ìyàrá dé Mọ̀pà. Bí o bá sín, á ní ò ń fi àmì ránṣẹ́ ni.

"Ìwòkọ! Nínú ọ́fíìsì tèmi! Olúṣínà, ìwọ tí mo nà nítorí ìwòkọ ní Fọ́ọ̀mù Tírì, o tún ti wá fi kọ́ ẹ̀rọ!"

Ẹ̀rín ń pa mí! Mo yáa fi ìwé bojú.

"Ọ̀nà kejì ńkọ́?" Bàbá bi í.

"Wọ́n á pín iṣẹ́ náà ni, sà. Orúkọ kọ̀ọ̀kan, ìdajì níbí, ìdajì lọ́hùn-ún. Ó yá gan-an. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá kú, gbogbo ẹ̀ ló lọ."

"Ìyẹn ni mo fẹ́. Kí kálukú dojú kọ iṣẹ́ tirẹ̀!"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi tẹ orúkọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, iná lọ, iná fi agbára dé.

Gbàù!

Dísìkì kan han kẹ̀ẹ̀, ó dákẹ́. Èkejì wà láàyè, àmọ́ ìdajì-ìdajì orúkọ tó wà nínú rẹ̀ ò ṣeé ṣí. A ránṣẹ́ pe Olúṣínà kíá.

"Mo ti kú!" Bàbá káwọ́ lérí. "Mo ti kú bí mo ṣe dúró yìí!"

Ni Tísà Rhoda bá rọra fa ìwé kan jáde lábẹ́ tábìlì. Gbogbo orúkọ ló pé síbẹ̀! Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ ló ń yọjú léjìká mi, tó ń fi bírò kọ ọ́ níkọ̀kọ̀. Ẹ̀rù Bàbá ni ò jẹ́ kó sọ.

Bàbá ò bínú o. Ó fa àga mọ́ Rhoda, ó kó fọ́ọ̀mù tí Lọ́kọ́ja fi ránṣẹ́ síwájú, ó na ọrùn gbọọrọ sórí ìwé obìnrin náà, ó ń kọ wàràwàrà.

Ibẹ̀ ni Olúṣínà bá a. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó wúkọ́.

"Tísà, sà. Ojú yín sórí ìwé yín o."

Bàbá ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Olúṣínà, bá wa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà!"