Ìyàwó, Ibo Ni Ọrùn Wà?

Bí mo bá dàgbà tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò lè gbàgbé ọjọ́ Jímọ̀ kan báyìí. Oṣù mẹ́ta péré ni mo ti di ìyàwó ilé nígbà náà, ní Kinkinau, nílùú Kàdúná, mo sì ń wá gbogbo ọ̀nà tí n ó fi han àwọn ẹbí ọkọ mi pé ọmọ gidi ni wọ́n fẹ́.

Ọkọ mi ti ra ẹ̀rọ kékeré kan fún mi, tòkunbọ̀, irú èyí tó ń dá iṣẹ́ ọnà sára aṣọ fúnra rẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ ka ìwé tó bá a wá. Mo kà á dé ojú ewé kejì, mo ní ó ti yé mi. Nígbà tí mo sì ti ṣe òdòdó mẹ́ta sára aṣọ ìrọ̀rí, mo ka ara mi mọ́ àwọn ọ̀gá.

Bàbá ọkọ mi, tí a jọ ń gbé, ni wọ́n fẹ́ wé láwàní oyè fún ní mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Télọ̀ ti rán àgbádá funfun wọn tán, ó ku iṣẹ́ ọnà àyà. Màlámù Sani, tó ń fọwọ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níwájú ilé wa, ni ọkọ mi fẹ́ gbé e fún. Mo ní rárá o, ẹ̀rọ wà nílé. Màlámù rí mi pẹ̀lú àgbádá náà lọ́wọ́, ó mi orí.

"Amarya, aiki fa kafin dinki ake yi."

Ó ní ara aṣọ tí télọ̀ ò tíì so pọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ọnà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìlara ló ń ṣe é.

Iná kò wá lọ́jọ́ méjì tó ṣáájú, a ò sì rí epo jẹnẹrétọ̀ rà títí di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, nítorí náà àárọ̀ Jímọ̀ gan-an ni mo tó jókòó ti ẹ̀rọ. Mo fi férémù ẹ̀rọ, èyí tó ń na aṣọ, mú àyà àgbádá, mo ká ìyókù sábẹ́, mo tẹ bọ́tìnì. Kò pẹ́, abẹ́rẹ́ ṣẹ́. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ó tún ṣẹ́. Ẹ̀rọ ń kérora bí ẹni tó gbẹ́rù tó ju agbára rẹ̀ lọ, èmi sì ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọmọ kó jẹun. Iná tún lọ. Mo sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀. Bàbá ti wẹ̀, wọ́n ti wọ bùbá àti ṣòkòtò, wọ́n jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Ìyàwó, wọn ò ní pẹ́ pe ìrun o."

"Ó ti ń parí, Bàbá."

Nígbà tó parí, ó dára débi pé mi ò tilẹ̀ yí i padà wò. Mo kúnlẹ̀ gbé e fún wọn. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n ki orí bọ̀ ọ́.

Orí ò jáde. Aṣọ ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì. Ohùn Bàbá wá láti inú ibẹ̀:

"Ìyàwó, ibo ni ọrùn wà?"

Mo fa aṣọ náà, kò lọ. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé mo ti rán àyà àgbádá pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Sùbúhánáláhì! Ṣé inú àpò ni n ó ti jẹ oyè ni?"

Ọkọ mi ń fọn fèrè mọ́tò níta. Mo sáré jáde láìwọ bàtà, mo kúnlẹ̀ fún Màlámù Sani. Ó mú abẹ, gọ́ọ̀mù télọ̀ tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ aṣọ, àti áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi. A bọ́ aṣọ lọ́rùn Bàbá. Ó ki abẹ sáàárín aṣọ méjèèjì, ó ń gé òwú díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti ń pe ìrun nígbà tó lẹ gọ́ọ̀mù sẹ́yìn iṣẹ́ ọnà náà kó má baà tú, tó sì lọ̀ ọ́. Iwájú bọ́ sípò. Ẹ̀yìn ní tirẹ̀ ti lu bí asẹ́. Bàbá wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sáré lọ.

Mo sunkún títí wọ́n fi dé. Mo ń retí kí wọ́n ní kí n kó ẹrù mi. Bàbá jókòó, láwàní lórí, wọ́n pè mí sọ́dọ̀.

"Gbogbo ẹni tó kírun lẹ́yìn mi ló ń béèrè irú iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn mi. Mo ní ìyàwó mi ló ṣe é, kí ooru má baà mú mi."

Mo dojú bolẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín mọ́ ẹkún.

Màlámù ló padà kọ́ mi níṣẹ́ náà. Láti ìgbà yẹn, mi ò jẹ́ fọwọ́ kan aṣọ tí wọ́n ti so pọ̀, mo sì máa ń wo abẹ́ férémù kí n tó tẹ bọ́tìnì. Àgbádá yẹn ńkọ́? Bí ooru Kàdúná bá ti mú, òun ni Bàbá máa ń ní kí n bá àwọn mú wá.